Sípíríǹgì Kọ́ Ló Ń Di Páìpù Mú: Àkọsílẹ̀ Sípánà Kan ní Ògbómọ̀ṣọ́

Ohun tó já sínú kànga kì í ṣe sípánà lódindi, àgbọ̀n rẹ̀ ni, ìyẹn irin ẹnu rẹ̀ tó ń gbá páìpù mú. Ọkùnrin tó ń tún bóhóòlù ṣe, tí gbogbo wa ní àdúgbò Sábó ń pè ní Bọ̀dá Kànga, ló kó ìyókù wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan: èèkù irin kan, ihò píìnì tó yẹ kó rí roboto àmọ́ tó ti gùn bí ẹyin aláǹgbá, àti sípíríǹgì kan tó ti na tán bí ìfun adìyẹ. Ó kó wọn lé orí tábìlì iṣẹ́, ó ní, "Ọ̀gá, ẹ bá mi wá sípíríǹgì tó le ju èyí lọ. Èyí ò lágbára."

Mo ní kò burú. Gbólóhùn yẹn ná wa ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ iṣẹ́ tí Bọ̀dá ń ṣe. Ọ̀pọ̀ abúlé tó yí Ògbómọ̀ṣọ́ ká, lọ́nà Ajáawà, lọ́nà Ìkòyí-Ilé, ló ní bóhóòlù tí wọ́n ń fi ọwọ́ tẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń pè ní India Mark II. Sílíńdà tó ń ti omi sókè wà nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, páìpù onírin ló so ó mọ́ òkè. Páìpù kọ̀ọ̀kan gùn ní mítà 3. Ínṣì 1¼ ni wọ́n ń pè é, àmọ́ bí ẹ bá wọn ìta rẹ̀, mílímítà 42 ó lé díẹ̀ lẹ máa bá. Ọ̀kan ṣoṣo wúwo ju kílò 9 lọ. Bí sílíńdà bá wà ní mítà 30, páìpù mẹ́wàá lẹ máa fà jáde kí ẹ tó fojú kàn án, ẹ ó sì tún dá gbogbo wọn padà. Ó lè jẹ́ rọ́bà kékeré kan ló jẹ nínú sílíńdà, rọ́bà tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan, síbẹ̀ gbogbo ìsopọ̀ wọ̀nyẹn lẹ máa tú, àwọn tó ti dípẹtà láti ọdún mélòó kan sẹ́yìn.

Ọmọṣẹ́ kan péré ni Bọ̀dá Kànga ní. Ọmọ yẹn ló ń mójú tó kílàǹpù kí àwọn páìpù ìsàlẹ̀ má bàa sá wọlẹ̀ lọ. Bọ̀dá fúnra rẹ̀ ń fi ọwọ́ òsì gbá páìpù òkè mú kó má yẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún nìkan ló kù fún sípánà. Rẹ́ǹṣì páìpù tí gbogbo púlọ́ńbà ní nínú àpò, irú èyí tí Daniel Stillson, ará Amẹ́ríkà, gbàwé àṣẹ lé lórí ní 1869, mi ò ní sọ̀rọ̀ rẹ̀ láìdáa. Ó ti ju àádọ́jọ ọdún lọ, kò sì tíì sí èyí tó lé e kúrò lọ́jà. Àmọ́ ọwọ́ méjì ló fẹ́. Ẹ ó fi àtàǹpàkò yí nọ́ọ̀tì rẹ̀ títí ẹnu rẹ̀ á fi bá páìpù mu, ẹ ó sì tún máa fọwọ́ tì í lẹ́nu kó lè bu páìpù jẹ ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá fẹ́ fà á.

Sípánà onísípíríǹgì yàtọ̀. Àgbọ̀n rẹ̀ kan dúró sójú kan lára èèkù. Èkejì rí bí ìkọ́, píìnì ló so ó mọ́ èèkù, sípíríǹgì sì ń tì í dé. Ẹ ti ẹnu rẹ̀ mọ́ páìpù, á yà fúnra rẹ̀, á sì pa dé. Ẹ fà á, á gbá páìpù mú. Ẹ dá ọwọ́ padà, á máa yọ̀ lórí páìpù, kẹ̀-kẹ̀-kẹ̀, láìjẹ́ pé ẹ gbé e kúrò. Ọwọ́ kan ti tó.

Èyí tí Bọ̀dá rà lọ́jà ṣe dáadáa lórí kànga méjì. Lórí ẹ̀kẹta ló bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀. Ìgbà tó yọ̀ kẹ́yìn, ọwọ́ Bọ̀dá lọ gbá etí kílàǹpù, èékánná ìka àárín rẹ̀ ṣí, píìnì fò jáde, àgbọ̀n sì gba ẹ̀gbẹ́ páìpù wọlẹ̀ lọ. Ó ní àwọn ń gbọ́ ọ, kọ̀, kọ̀, kọ̀, títí ó fi dákẹ́. Wọ́n so mágínẹ́ẹ̀tì ẹ̀yìn sípíkà àtijọ́ mọ́ okùn, wọ́n fi í wá a títí oòrùn fi wọ̀. Páìpù ara kànga náà ni mágínẹ́ẹ̀tì ń lẹ̀ mọ́ ṣáá. Àgbọ̀n yẹn ṣì wà nísàlẹ̀ kànga di òní, bẹ́ẹ̀ ni baálẹ̀ abúlé náà kò tíì dẹ́kun àtimáa bi Bọ̀dá bóyá kò ní ba omi àwọn jẹ́.

Ìgbìyànjú àkọ́kọ́, bó ṣe ní ká ṣe é la ṣe. Mo mú irin ọ̀pá mílímítà 16, irú tí wọ́n fi ń ṣe òpó ilé, a fi iná rọ̀ ọ́, a tẹ̀ ẹ́ bí ìkọ́, ọmọṣẹ́ mi fi ayùn irin àti fáìlì gé eyín sí i. A tún ihò píìnì dí, a lu òmíràn síbi tí ti tẹ́lẹ̀ wà gan-an. Ní ti sípíríǹgì, ti sítáǹdì ọ̀kadà la lò. Ẹni tó bá ti fi ẹsẹ̀ gbá sítáǹdì ọ̀kadà rí mọ̀ bí ó ṣe le tó.

A di páìpù tírì-kọ́tà, ìyẹn ínṣì ¾, mọ́ fáìsì, a dán an wò. Ó gbá a mú bíi pé wọ́n jó wọn pọ̀. Inú wa dùn. A gbé ínṣì 1¼ síbẹ̀, tó jẹ́ òun gan-an ni Bọ̀dá ń ṣiṣẹ́ lé lórí. Mo fà á, ó yọ̀ fààà, ó sì fi ìlà dídán kan sílẹ̀ lára ìpẹtà. Bọ̀dá wò ó, ó ní, "Ọ̀gá, mo ní ó fẹ́ sípíríǹgì tó le."

Ojú ń tì mí láti kọ ọ́ o, àmọ́ mo fi sípíríǹgì sítáǹdì kejì kún un.

Wọ́n gbé e lọ sí abúlé bẹ́ẹ̀. Èmi náà tẹ̀ lé wọn. Ó gba àtàǹpàkò méjèèjì kí ẹnu rẹ̀ tó yà. Ìsopọ̀ àkọ́kọ́, ó yọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ó mú lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tí tírẹ́ẹ̀dì, ìyẹn ojú ìyí ẹnu páìpù, wá dẹ̀, tí ó yẹ kí iṣẹ́ rọrùn, ni àjèjì ọ̀rọ̀ dé. Bọ̀dá fa sípánà, páìpù yí. Ó dá ọwọ́ padà láti fà á lẹ́ẹ̀kejì, páìpù bá a padà. Sípíríǹgì méjèèjì le débi pé àgbọ̀n kò lè yọ̀ mọ́ nígbà ìdápadà, ńṣe ló ń wọ́ páìpù dání. Ó fà á, ó padà, ó fà á, ó padà. Ọmọṣẹ́ rẹ̀ tó di kílàǹpù mú wò ó títí, ó ní, "Bọ̀dá, ṣé ẹ ń tú u ni àbí ẹ ń dì í?"

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, àfi Bọ̀dá.

Ohun tó yí ọ̀rọ̀ padà kò wá látọ̀dọ̀ mi. Ọjọ́ kejì, ìkọ́ ìparí ọ̀kan nínú sípíríǹgì náà ṣẹ́. Ibẹ̀ náà ni irú sípíríǹgì tí a ń fà máa ń ṣẹ́ sí, torí ibi tí wọ́n ti tẹ wáyà rẹ̀ ni gbogbo ìyà ń jọ sí. Ọmọṣẹ́ mi tú èkejì kúrò, kò sì fẹ́ kí àgbọ̀n máa jù fẹ̀rẹ̀fẹ̀rẹ̀, ló bá fi rọ́bà túúbù kẹ̀kẹ́ tí kò fẹ̀ ju ìka lọ so ó. Kò ní nǹkan kan lọ́kàn. Ó ń ṣeré ni, ó fi gbá tírì-kọ́tà tó wà lẹ́nu fáìsì mú, ó fà á. Ó mú pinpin, bó ṣe mú ní ọjọ́ tí sípíríǹgì sítáǹdì wà níbẹ̀.

Mo dá gíráńdà tí mo ń lò dúró. Mo ní kó tún un fà. Ó mú. Mo ní kó tú rọ́bà náà kúrò pátápátá, kó fi ìka kan ti àgbọ̀n mọ́ páìpù. Ó mú. Mo ní kó gbé ínṣì 1¼ wá. Ó fi ìka tì í, ó fà á, ó yọ̀. Mo dá sípíríǹgì padà sí i, ó yọ̀. A fi rọ́bà sí i, ó yọ̀. Páìpù tó ń dì mú, ó ń dì í mú yálà sípíríǹgì wà tàbí kò sí. Èyí tí kò dì mú, kò sí sípíríǹgì tó lè mú kó dì í mú.

Ọmọ yunifásítì LAUTECH kan tó wà lọ́dọ̀ wa fún IT, ìyẹn ìkọ́ṣẹ́ tí iléèwé ń rán wọn lọ ṣe, nígbà yẹn mú ṣọ́ọ̀kì, ó ṣírò rẹ̀ sára ògiri. Ká ní Bọ̀dá fi agbára kílò 30 fa èèkù, tí ọwọ́ rẹ̀ sì jìnnà sí àárín páìpù ní sẹ̀ǹtímítà 35. 30 lọ́nà 35 jẹ́ 1,050. Páìpù náà gba sẹ̀ǹtímítà 4.2 láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì. Ẹ pín 1,050 sí 4.2, ẹ ó rí 250. Ìyẹn ni pé ní ẹ̀gbẹ́ páìpù kọ̀ọ̀kan, eyín sípánà ní láti fi kílò 250 wọ́ ara páìpù yí. Mo so sípíríǹgì tó kù mọ́ òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ẹran, bí àgbọ̀n ṣe ń fà á tó náà ni mo fà á. Kílò 5 ló kà. Kí ni kílò 5 fẹ́ bá 250 ṣe? Ẹni tó ń fi kún sípíríǹgì ń ní kí adìyẹ wá bá òun ti tírélà.

Alárenà ni sípíríǹgì yẹn. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó mú àgbọ̀n àti páìpù pàdé, kí eyín fara kan irin kí ọwọ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í fà. Bí ojú bá sì ti mọjú, ẹ mọ ohun tí Yorùbá ní kí alárenà ṣe. Èyí tí kò bá yẹ̀ba lẹ́yìn ìgbà náà, òun ló ń wọ́ páìpù padà fún Bọ̀dá.

Ta wá ló ń di páìpù mú? Ibi tí píìnì wà ni, àti bí àgbọ̀n ṣe tẹ̀. A gbá ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù mọ́, a fi ṣọ́ọ̀kì ya sípánà náà sórí símẹ́ǹtì bó ṣe tóbi gan-an, a gbé páìpù gidi lé e lórí. Ẹ fa ìlà kan láti àárín píìnì lọ síbi tí eyín àgbọ̀n ti kan páìpù. Ẹ fa òmíràn láti ibẹ̀ lọ sí àárín gbùngbùn páìpù. Igun tó wà láàárín ìlà méjèèjì ló ń pàṣẹ. Nígbà tí ẹ bá fa èèkù, àgbọ̀n kò lè ti páìpù gba ọ̀nà mìíràn àyàfi ojú ìlà àkọ́kọ́ yẹn, torí píìnì nìkan ló dì í mú lẹ́yìn. Bí igun náà bá kéré, bí ẹ ṣe ń fà sí i ni eyín ń wọlé sí i. Bí ó bá tóbi jù, ẹ̀gbẹ́ ni ó ń tì í sí, eyín á yọ̀, bí ẹ tilẹ̀ fi gbogbo ara fà á. Irin dídán lórí irin tí ọ̀rá díẹ̀ wà lára rẹ̀ kì í gba igun tó ju bíi dígírì 8 sí 9 lọ kó tó yọ̀. Eyín tó mú ń jẹ́ kó lè gbà ju bẹ́ẹ̀ lọ, àmọ́ ó níbi tó mọ.

Ọmọ IT náà fi ike tí wọ́n fi ń wọn igun wọ̀n ọ́n. Lórí tírì-kọ́tà, dígírì 9 ni. Lórí ínṣì 1¼, 22. Kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kan àbọ̀ la ti ń bá sípíríǹgì jà, ọ̀ràn sì wà lórí ilẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀kì.

Ibí yìí ni mo ti fẹ́ kí àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí dúró díẹ̀. A kò tún gé irin kankan fún ọjọ́ mẹ́rin. Pákó pẹlẹbẹ la fi gé àgbọ̀n àti èèkù, a fi ìṣó ṣe píìnì, a ń gbé páìpù lé e, a ń wọn igun. Èyí àkọ́kọ́ mú ínṣì 1¼ dáadáa àmọ́ lórí tírì-kọ́tà igun rẹ̀ bọ́ sí dígírì 3. Ẹ lè rò pé kékeré ló dáa. Kò rí bẹ́ẹ̀: bí igun bá kéré tó báyẹn, agbára tó ń fún páìpù pọ̀ju èyí tó ń yí i lọ lọ́pọ̀ ìlọ́po, yóò sì tẹ páìpù fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ kí tírẹ́ẹ̀dì tó mì. Ẹ̀kejì kò dáa níbì kankan. Ẹ̀kẹta yá díẹ̀.

Nígbà náà ni mo ránṣẹ́ pe Bọ̀dá. Ohun tó kọ́kọ́ béèrè ni sípánà tó lè mú láti ìlàjì ínṣì títí dé ínṣì méjì, bí èyí tó rà ṣe kọ ọ́ sára páálí rẹ̀. Mo ní, "Bọ̀dá, nínú oṣù kan, ẹ̀ẹ̀melòó lẹ fi ń tú tírì-kọ́tà lórí kànga?" Ó ronú. Ó ní, "Kò sí." Ìlàjì ńkọ́? Kò sí. Ínṣì méjì? Ó ní ó ṣe é lẹ́ẹ̀kan ní ọdún tó kọjá. Ínṣì 1¼ lójoojúmọ́, 1½ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, 1 bí wọ́n bá pè é sí ilé. A ní kó yááfì ìyókù. Ó kọ́kọ́ fajú ro, ó ní owó tóun fẹ́ san kò ní dín kù torí pé ẹnu sípánà dín kù. Òótọ́ ló sọ. Síbẹ̀, bó ṣe gbà báyìí, pákó karùn-ún bọ́ sí i: mo sún píìnì sẹ́yìn pẹ̀lú mílímítà 11, mo sì jẹ́ kí inú àgbọ̀n tẹ̀ díẹ̀ sí i níwájú. Láti ínṣì 1 dé 1½, igun rẹ̀ kò kúrò láàárín dígírì 10 sí 13. Ìgbà tí a kò gbìyànjú láti tẹ́ gbogbo páìpù lọ́rùn mọ́ ni a tó rí èyí tó tẹ́ ọ̀kan lọ́rùn.

Ọ̀rọ̀ irin ló kù. Eyín tí a gé sára irin ọ̀pá ti pẹlẹ bí eyín àgbàlagbà lẹ́yìn kànga kan ṣoṣo. Kábọ́ọ̀nù inú irú irin ìkọ́lé bẹ́ẹ̀ kò tó kí iná àti òróró tó lè mú un le. Mo gé àgbọ̀n tuntun láti ara sípíríǹgì abẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù, èyí tó rí pẹlẹbẹ, tó jẹ́ irin líle gidi. Ibẹ̀ ni mo ti ṣe àṣìṣe mi kejì. Mo fi iná gáàsì mú un pọ́n yòò, mo rì í sínú korobá omi. Ó dún "tíìn", kò sì dún bẹ́ẹ̀ lásán. Nígbà tí a kọ́kọ́ fà á, eyín méjì ta kúrò lára rẹ̀ bí àgbàdo inú iná, ọ̀kan lọ kan páànù òrùlé.

Mo gbé e lọ bá Bàbá alágbẹ̀dẹ kan lọ́nà Tákíé. Bàbá yí irin náà lọ, yí i bọ̀, ó fi èékánná tọ ojú ibi tó ti sán. Ó ní, "Ọmọ mi, ta ló ní kóo fún un lómi?" Ó ní irú irin yìí kò fẹ́ òtútù òjijì, òróró ni kí n fún un. Lẹ́yìn náà ó ní kí n ti ilẹ̀kùn. Mo rò pé ọ̀rọ̀ àṣírí ló fẹ́ sọ. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀: ojú kò lè mọ àwọ̀ irin nínú oòrùn. Inú òkùnkùn díẹ̀ ni pípọ́n rẹ̀ ti ń hàn.

Mo ti mú mágínẹ́ẹ̀tì sípíkà Bọ̀dá lọ́wọ́, èyí tí kò rí àgbọ̀n gbé nínú kànga. Irin kì í fà mọ́ mágínẹ́ẹ̀tì mọ́ bí iná bá ti mú un dé bíi dígírì 770, ó sì kù díẹ̀ sí i lókè ibẹ̀ kó tó yẹ fún rírì. Mo fẹ́ fi dán ojú Bàbá wò, kí n má parọ́. Bàbá ń fẹ́ iná, ó ń wo irin, ó ní, "Ó kù díẹ̀." Mo fi mágínẹ́ẹ̀tì kàn án, ó fà á. Ó tún fẹ́ iná. Ó ní, "Ó ti tó." Mo fi mágínẹ́ẹ̀tì kàn án, kò fà á mọ́. Bàbá kò tilẹ̀ wo mágínẹ́ẹ̀tì náà. Ó ti fi ẹ̀mú gbé irin, ó ti tì í bọ inú òróró mọ́tò dúdú, èéfín gba gbogbo ilé arọ.

Fáìlì yọ̀ lórí eyín rẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n fi há gíláàsì. Ó ti le, ó ti le jù. Bàbá fi yanrìn fọ̀ ọ́ títí ó fi dán, ó gbé ẹ̀yìn àgbọ̀n lé orí irin gbígbóná, ó wá ní kí n máa wò ó. Àwọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rìn láti ẹ̀yìn bọ̀ síwájú: ó kọ́kọ́ rí bí oyin, ó wá ṣú bí ẹ̀yìn àkàrà, elésè àlùkò tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ló di aró. Bàbá jẹ́ kí ẹ̀yìn àgbọ̀n di aró tán, torí ibẹ̀ la fẹ́ kó lè tẹ̀ díẹ̀ kó má ṣẹ́. Bí àwọ̀ àkàrà ṣe dé ìdí eyín báyìí, ó gbé e kúrò, ó tún tì í sínú òróró. Gbogbo rẹ̀ kò ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ. Mo ti kàwé lórí ọ̀rọ̀ yìí nígbà tí mo wà ní iléèwé iṣẹ́ ọwọ́, mo sì gba máàkì tó dáa nínú rẹ̀.

Padà sórí sípíríǹgì, tó jẹ́ òun ni wọ́n torí rẹ̀ pè mí. Èyí tí a lò gbẹ̀yìn ni sípíríǹgì inú kábúrẹ́tọ̀ ọ̀kadà, èyí tó ń dá túrótù padà. Ó rọ̀. A lu ihò tí kò yọ sẹ́yìn sínú èèkù, a ti sípíríǹgì náà sínú rẹ̀, kó máa ti ìdí àgbọ̀n láti ẹ̀yìn. Ìdí mẹ́ta ni mo fi yàn án. Èyí tí a ń tẹ̀ kò ní ìkọ́ tó lè ṣẹ́ bí èyí tí a ń fà. Bí ó bá tilẹ̀ ṣẹ́, inú ihò rẹ̀ ló máa wà, sípánà á sì ṣì máa ṣiṣẹ́ pẹ̀lú ìka títí wọ́n fi máa délé. Ẹ̀kẹta ni pé kò sí abúlé tí mẹkáníìkì ọ̀kadà kò sí. Sípíríǹgì tó jẹ́ pé àfi kí wọ́n wá Ìbàdàn kí wọ́n tó rí i rà, mi ò fẹ́ ẹ nínú nǹkan tí mo bá ṣe. Yanrìn máa ń wọ inú ihò náà, ìyẹn ni àléébù rẹ̀. A lu ihò tóóró kan sí ìsàlẹ̀ kí omi lè fọ̀ ọ́ jáde.

Ní ti píìnì, a kò fi nọ́ọ̀tì dì í. Nọ́ọ̀tì a máa tú. A fi òòlù tẹ orí rẹ̀ méjèèjì lórí wáṣà, kí ó jẹ́ pé ẹni tó bá fẹ́ yọ ọ́ ní láti gé e. Ìdí èèkù ní ihò okùn. Lẹ́nu kànga, ohun tó bá lè já, ó máa já ni. Èèkù fúnra rẹ̀, irin rírọ̀ ni mo fi ṣe é, mo sì mọ̀ọ́mọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀, torí mo mọ̀ pé wọ́n máa ki páìpù gígùn bọ̀ ọ́ lọ́jọ́ kan kí agbára wọn lè pọ̀ sí i. Kí èèkù tẹ̀ ni mo fẹ́, kí píìnì má já. Èèkù tó tẹ̀ ṣeé nà lórí owú.

Nígbà tí Bọ̀dá wá gbà á, ó fi àtàǹpàkò tẹ àgbọ̀n, ó yà wẹ́rẹ́. Ó pòṣé. "Ọ̀gá, èyí ń ṣeré ni. Kò lágbára rárá." Mo ní kó gbé e lọ, kó má sanwó títí yóò fi padà dé.

Mo tẹ̀ lé wọn lọ sí abúlé kan lọ́nà Ajáawà. Ìsopọ̀ mẹ́jọ ni. Àkọ́kọ́ mú. Ìkejì mú. Nígbà tí tírẹ́ẹ̀dì dẹ̀, ó dá ọwọ́ padà, mo fojú sí páìpù: kò mì. Kẹ̀-kẹ̀-kẹ̀ nìkan ni mo gbọ́. Ìkẹta yọ̀ lẹ́ẹ̀kan, a wò ó, gíríìsì àti ìpẹtà ló dí àárín eyín. Ọmọṣẹ́ Bọ̀dá fi búrọ́ọ̀ṣì wáyà fọ̀ ọ́, ó mú. Ìkẹfà ti gan, wọ́n ki páìpù bọ èèkù bí mo ṣe rò, méjèèjì rọ̀ mọ́ ọn. Èèkù tẹ̀ bí ọrun kí ìsopọ̀ tó tú. Píìnì kò mì. Bọ̀dá kò sọ ohunkóhun nípa sípíríǹgì mọ́. Ó kàn ní kí n bá òun ṣe ìkejì fún ọmọṣẹ́ òun.

Látìgbà náà, bí ẹnikẹ́ni bá gbé irinṣẹ́ onísípíríǹgì wá tó ní kò dì mú dáadáa, mo máa ń yọ sípíríǹgì kúrò níwájú rẹ̀, mo ní kó fi ìka tì í, kó fà á. Bí ó bá dì mú, sípíríǹgì ló kàn. Bí kò bá dì mú, mo máa wá ṣọ́ọ̀kì. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo máa wo eyín, màá wá wo bóyá ihò píìnì ti fẹ̀, torí ihò tó fẹ̀ ń sún píìnì kúrò ní ààyè rẹ̀, igun á sì yí padà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Mo gbà pé ohun tó ba èyí tí Bọ̀dá rà jẹ́ lórí kànga kẹta nìyẹn: igun rẹ̀ wà létí bèbè láti ìbẹ̀rẹ̀, ihò tó gùn bí ẹyin aláǹgbá ló tì í ṣubú.

Oṣù tó kọjá, Bọ̀dá tún dé. Abúlé kan ti pààrọ̀ páìpù onírin sí ti ike, sípánà sì ń fi eyín há a lára, ó tẹ ọ̀kan fọ́. Ó ní kí n rọ eyín náà. Mo ní rárá. Dígírì 10 sí 13 yẹn ń fún páìpù ní ohun tó ju ìlọ́po mẹ́rin agbára tó fi ń yí i, ike kò sì lè gba ìyẹn mọ́ra bí eyín tilẹ̀ rọ̀ bí òwú. Mo ní kó wá bẹ́líìtì ọkọ̀ tó ti gbó wá, ká fi ṣe sípánà olókùn tó máa wé gbogbo ara páìpù. Ó béèrè bóyá ìyẹn náà máa nílò sípíríǹgì.